Ọ̀dà Kì Í Gbé Bàálù Fò

Ẹni tó bá gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì kọjá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, láti Ọ̀jọ́ dé Ìyànà-Ìbà, títí wọ Òkókómáíkò, yóò rí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n lóṣòó ti ara dáńfó, tí wọ́n ń fi sáńpépà ha á láìsinmi. Ara ọkọ̀ náà yóò ti di adíkálà: yẹ́lò níhìn-ín, eérú lọ́hùn-ún, àpá bọ́dífílà ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ mìíràn ti fi ẹnu gbá a. Kí oòrùn tó wọ̀, wọn yóò ti fọ́n ọ̀dà sí i, dáńfó yóò sì máa dán bí ẹni pé àná ló jáde nílé-iṣẹ́. Ọwọ́ àwọn ọmọ náà dára. Ojú wọn mọ ibi tó tẹ́jú àti ibi tó wọ́ ju ojú ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lọ.

Àmọ́ kí ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ dídán yẹn fi ìka gbá ara ọkọ̀ náà. Ibi tó jẹ́ irin yóò dún kangó. Ibi tó jẹ́ bọ́dífílà yóò dún bí ìgbà tí ènìyàn gbá pákó tó rin. Irin abẹ́ rẹ̀ ti lè dógùn-ún tán, kó jẹ́ pé bọ́dífílà nìkan ló kù tó ń ṣe bí irin. Òjò ọdún kan tàbí méjì ni yóò tú àṣírí náà: ọ̀dà á wú, á là, á bọ́ sílẹ̀ ní ègé-ègé, onímọ́tò á sì tún padà wá. Lórí ilẹ̀, owó ni wọ́n fi ń san gbèsè irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìwà yìí gan-an ni wọ́n fẹ́ gbé lọ sójú sánmọ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà ti ń kan bàálù lẹ́yìnkùlé. Ní ọdún 2007, gbogbo ayé gbọ́ nípa Mubarak Muhammad Abdullahi, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ físíìsì ní Kánò, tó fi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Honda Civic àti àwọn àkùfọ́ irin kan hẹlikọ́pítà. Ìròyìn sọ pé kò gòkè ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ. Láti ìgbà náà, kò sí ọdún tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í jáde láti ìpínlẹ̀ kan tàbí òmíràn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì máa ń gbà gbé e. Àwòrán ló ń ṣáájú: bàálù tí wọ́n fi ọ̀dà ewéko àti funfun kùn, ọmọ tó kàn án dúró níwájú rẹ̀, òṣèlú kan na ọwọ́ lé e léjìká. A ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókò ń yọjú. Wọn yóò sọ orúkọ ìlú rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ àti iye oṣù tó fi ṣe é. Ìwọ̀n bàálù náà ńkọ́? Kí ni wọ́n fi dí ojúpò ìyẹ́ àti ara rẹ̀? Ọ̀dà wo ló wà lára rẹ̀, ó sì nípọn tó báwo? Ìbéèrè wọ̀nyí kì í sí níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ oníròyìn gbà pé ọ̀rọ̀ ẹwà lásán ni.

Irọ́ ni. Ohun tí wọ́n fi dí ara bàálù àti ohun tí wọ́n fi kùn ún wà lára ohun tó ń pinnu bóyá yóò fò, bóyá yóò sì padà sílẹ̀ ní odindi.

Kò sì yẹ kí ẹ̀kọ́ yìí ṣàjèjì sí Ọ̀jọ́. Ní ẹ̀bá ọ̀nà Àgbádárìgì yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní ọdún 1975, tí wọ́n sì to ọkọ̀ Beetle, tí gbogbo ilé Yorùbá mọ̀ sí Ìjàpá. Ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, kí ọ̀dà tó kan irin, wọn yóò ti fọ ọ̀rá kúrò lára rẹ̀, wọn yóò ti fi kẹ́míkà pa á lára kí ọ̀dà lè dì í mú, wọn yóò ti fi práímà sí i. Ìpele kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì sí èyí tí wọ́n ń lò láti fi bo àléébù èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ohun tó tún yẹ kí wọ́n mọ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì Ìjàpá yẹn, tí atẹ́gùn nìkan ń tù, wà lára ẹ́ńjìnnì tí àwọn tó ń fúnra wọn kan bàálù ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Yúróòpù fẹ́ràn jù lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìlú tó ti to Ìjàpá kò yẹ kó máa wo bàálù àfọwọ́kàn bí iṣẹ́ oṣó.

Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti ṣe é rí, ó sì ṣe é dáadáa. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú mú bàálù RV-6A, tí Richard VanGrunsven ará Amẹ́ríkà yà fún àwọn tó fẹ́ kan bàálù nínú gáráàjì ilé wọn, wọ́n sì ṣe àtúnṣe sí i ní Kàdúná, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ AIEP. Wọ́n sọ ọ́ ní Air Beetle, orí rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ òfurufú ológun ti kọ́ iṣẹ́. Bàálù alumíníọ́mù ni, rífẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi so awọ ara rẹ̀ pọ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ẹni tó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n wọn ọ̀dà wọn ń tẹ́ńbẹ́lú ọpọlọ aláwọ̀ dúdú. Àwọn tó ṣe Air Beetle wọn tiwọn.

Ìwọ̀n ni kí gbogbo ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. RV-6A kan, pẹ̀lú èèyàn méjì, epo àti ẹrù wọn, kò gbọdọ̀ ju nǹkan bíi 750 kílò lọ. Bí ọ̀gá kan bá wá fi 20 kílò bọ́dífílà àti ọ̀dà tí kò nídìí lé e lára, ó ti gba àyè lítà epo tó ju 25 lọ, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bàálù náà fò fún wákàtí kan. Àwọn tó lówó ju Nàìjíríà lọ kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Nígbà tí Amẹ́ríkà kọ́kọ́ rán ọkọ̀ Columbia lọ sí gbalasa òfurufú ní ọdún 1981, wọ́n fi ọ̀dà funfun kun táńkì ńlá tó gbé epo rẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn-àjò méjì, wọ́n pa ọ̀dà náà tì, táńkì náà sì ń lọ pẹ̀lú àwọ̀ ara rẹ̀ bí ìyẹ̀pẹ̀ pupa. Ọ̀dà nìkan ni wọ́n yọ, ìwọ̀n tó sì kúrò níbẹ̀ tó nǹkan bíi 270 kílò. Ilé-iṣẹ́ American Airlines fi ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún jẹ́ kí alumíníọ́mù ara bàálù wọn máa dán láìkun ún, títí di ọdún 2013. Bí àwọn wọ̀nyẹn bá ń ka ọ̀dà sí ẹrù, ta ni ọmọ tó ń fi ẹ́ńjìnnì mọ́tò fò tí kò ní kà á sí?

Bọ́dífílà inú agolo tí wọ́n ń tà ní ọjà ohun èlò ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń fi hádínà díẹ̀ pò, kún fún ìyẹ̀fun òkúta, ó sì wúwo. Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ ń lò lórí bàálù oní-fáíbà ni epoxy tí wọ́n pò mọ́ àwọn ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tíntìntín tí inú wọn ṣófo, tí ojú lásán yóò rí bí ẹ̀lùbọ́ funfun. Wọn yóò pò ó títí yóò fi le bí ẹ̀kọ tó ti dì, tí kò ní ṣàn. Bọ́dífílà ọkọ̀ tó wọ́pọ̀ wúwo ju àpòpọ̀ yìí lọ ní ìlọ́po méjì, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún máa ń fa omi, kì í sì í fẹ́ tẹ̀ bí fáíbà ṣe ń tẹ̀ nígbà tí ìyẹ́ bá ń mì. Ohun tó le, tó sì lẹ̀ mọ́ ohun tó ń tẹ̀, kò ní pẹ́ là.

Kì í ṣe pé epoxy àti ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì jẹ́ oògùn ajẹ́bíidán. Àpòpọ̀ náà kò ní agbára kankan tó lè gbé ẹrù. Bí ihò bá wà, bí fáíbà kò bá lẹ̀ mọ́ fóòmù abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n ge ibẹ̀, kí wọ́n fi fáíbà tuntun tún un ṣe. Ojú ibi tó rí gbágungbàgun nìkan ni kí wọ́n fi àpòpọ̀ náà tẹ́, ìwọ̀nba tín-ín-rín sì ni. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò fi sáńpépà ha èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dànù. Níbí ni ọwọ́ àwọn ọmọ Òkókómáíkò ti wúlò jù lọ, nítorí kò sí ẹ̀rọ tó mọ ìhahà pẹrẹsẹ bí ọwọ́ ẹni tó ti fi ọdún mẹ́fà kọ́ ọ lójú títì.

Lórí bàálù alumíníọ́mù, ọ̀rọ̀ náà tún burú sí i. Bí rífẹ́ẹ̀tì bá ti ń tú, ó máa ń mì nínú ihò rẹ̀, ìmìtìtì náà á sì lọ irin di ìyẹ̀fun dúdú tí atẹ́gùn yóò fà sẹ́yìn lára ìyẹ́ bí èéfín. Àmì yìí ni ẹni tó ń yẹ bàálù wò máa ń wá. Èéfín nìwà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, kò ṣe é fi pamọ́. Ṣùgbọ́n bọ́dífílà lè fi èéfín yìí pamọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá fi bọ́dífílà bo orí àwọn rífẹ́ẹ̀tì kí ìyẹ́ lè dán bí dígí ti di ẹnu ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó lè kìlọ̀ fún awakọ̀. Ẹ fi kún un pé Ọ̀jọ́ wà létí ọ̀sà, òkun kò sì jìnnà. Atẹ́gùn oníyọ̀ ibẹ̀ máa ń wọ abẹ́ ọ̀dà tí wọn kò fi práímà gidi dè, a sì máa jẹ alumíníọ́mù ní ìlà tín-ín-rín bí ìgbà tí ikán bá ń rìn lábẹ́ ògiri. Kí wọ́n fọ irin náà, kí wọ́n fi kẹ́míkà tó yẹ pa á lára, kí wọ́n fi práímà epoxy tín-ín-rín sí i. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ àwọ̀.

Síbẹ̀, ibi tó ń pani jù lọ kì í ṣe ara bàálù tàbí ìyẹ́ rẹ̀. Àwọn abala kéékèèké tó ń yí ni, ìyẹn àwọn tí awakọ̀ fi ń darí bàálù lẹ́yìn ìyẹ́ àti ní ìrù. Wọ́n so wọ́n mọ́ ìgbékọ́ bí ilẹ̀kùn, wọ́n sì fi ìwọ̀n díẹ̀ síwájú ìgbékọ́ náà kí ẹ̀yìn wọn má bàa wúwo jù. Gbogbo bọ́dífílà, gbogbo ìpele ọ̀dà tó bá gorí wọn, ẹ̀yìn ìgbékọ́ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń bọ́ sí. Bí ẹ̀yìn bá wúwo ju iwájú lọ, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí bàálù yóò sáré dé ìwọ̀n kan, tí abala náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí àsíá nínú ìjì. Kì í pẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó lè fa ìrù já. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé abala kọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n lẹ́yìn tí ọ̀dà bá gbẹ, kì í ṣe kó tó gbẹ, tí wọ́n sì ń tún ìwọ̀n iwájú rẹ̀ ṣe. Ẹni tó kan ìrù tó wà déédéé, tó wá gbé e fún oníṣẹ́ ọ̀dà tí kò mọ ọ̀rọ̀ yìí, ó ti tú iṣẹ́ ara rẹ̀ ká.

Àwọ̀ ńkọ́? Gbogbo ọ̀dọ́ ló fẹ́ pupa, dúdú, tàbí àwọ̀ àsíá. Burt Rutan, ará Amẹ́ríkà tó ya bàálù VariEze ní àárín àwọn ọdún 1970, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì kàn án nílé pẹ̀lú fóòmù, fáíbà àti epoxy, pa á láṣẹ pé funfun ni kí wọ́n kùn ún. Epoxy tó gbẹ láìsí ààrò máa ń rọ̀ bí ooru bá pọ̀ jù. Bàálù dúdú tó dúró sínú oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà ní Èkó lè gbóná débi tí ọwọ́ kò ní lè dúró lé e, ooru yẹn sì tó láti mú kí ìyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ kó tó gbéra rárá. Ọ̀dà funfun ń dá oòrùn padà. Funfun niyì eyín. Fún ìyẹ́ oní-fáíbà, ó ju iyì lọ. Àwọn tó ń lo aṣọ láti bo ìyẹ́ onígi ní tiwọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kun ìpele onífàdákà sábẹ́ àwọ̀ tó bá wù wọ́n, kí ìtànṣán oòrùn má bàa jẹ aṣọ náà. Dáńfó lè jẹ́ yẹ́lò pẹ̀lú ìlà dúdú, ìjọba ló yàn án fún un.

Ojú ọjọ́ Èkó pàápàá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí epoxy bá gbẹ nínú atẹ́gùn tó kún fún ọ̀rinrin, ohun kan bí ọ̀rá máa ń sun sójú rẹ̀. Omi lásán àti kànìnkànìn ló ń fọ̀ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ yóò fi sáńpépà tẹ̀ ẹ́ wọlé, ìpele tó bá kàn kò sì ní lẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé abẹ́ igi, létí ọ̀nà tí eruku ọkọ̀ akẹ́rù ń fẹ́ sí, nínú oṣù Òkúdù, kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe é. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ ilé olówó ńlá. Yàrá tó ní òrùlé, tó ṣe é tì, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin sí, ti tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀mí oníṣẹ́ ọ̀dà náà tún wà níbẹ̀. Èyí ni ohun tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ sọ. Hádínà inú ọ̀dà alápòpọ̀ méjì tó ń dán jù lọ, tó sì ń pẹ́ jù lọ, ní isocyanate nínú. Ní Ìlú Ọba, àjọ HSE tó ń mójú tó ìlera àwọn òṣìṣẹ́ kà á sí òléwájú nínú ohun tó ń fa ikọ́ sémìísémìí níbi iṣẹ́. Ẹni tó bá ti kó o, èéfín kékeré tó bá tún fà símú lè dá a dùbúlẹ̀. Hańkáṣíìfù tí wọ́n ń so mọ́ imú ní Òkókómáíkò kò dá nǹkan kan dúró. Àwọn tó ń ṣe é bó ṣe yẹ máa ń wọ ìbòjú tí wọ́n fi rọ́bà fa atẹ́gùn mímọ́ sí láti ìta. Ọ̀gá tó lówó láti ra agolo ọ̀dà ilẹ̀ òkèèrè, tí kò lówó láti ra ìbòjú fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ọlọ́mọ ló ń fi kun ọkọ̀. Bí kò bá lè ra ìbòjú, kí ó lo ọ̀dà tí kò ní isocyanate, kí ó sì gbà pé dídán rẹ̀ kò ní tó tìyẹn.

Ìdáhùn tí wọ́n máa ń fọ̀ padà ti mọ́ni lára: ‘Ẹ má da omi tútù sí àwọn ọmọ wa lọ́kàn. Ohun tó wà lọ́wọ́ ni wọ́n ń lò. Àwọn òyìnbó náà bẹ̀rẹ̀ báyìí.’ Ọ̀rọ̀ kẹta yẹn jẹ́ òótọ́, ọ̀pọ̀ àwọn òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ báyìí sì kú, ikú wọn ni wọ́n fi kọ òfin tó wà nílẹ̀ lónìí. Kí ló dé tí ọmọ Ìbà yóò fi tún kú kí ó tó mọ ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀? Ní ti ohun tó wà lọ́wọ́, òṣùwọ̀n wà lọ́wọ́. Àwọn aláta ní ọjà Ìyànà-Ìbà ní i. Ó sì kéré jọjọ sí owó agolo ọ̀dà tí wọ́n ń fi dárà.

Ẹ̀bi tó tóbi jù kò sí lọ́rùn àwọn ọ̀dọ́ rárá. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, ti wà ní Ọ̀jọ́ láti ọdún 1983. Ẹka ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní Ẹ̀pẹ́, ní ìkangun kejì ìpínlẹ̀ náà. Àwọn tó ń kọ́ nípa ìwọ̀n, ìgbọ̀nrìrì àti agbára irin wà lọ́hùn-ún. Àwọn tí ọwọ́ wọn mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ojú irin pẹrẹsẹ wà ní géètì yunifásítì náà gan-an, wọ́n ń kun dáńfó. Kò sẹ́ni tó ń mú wọn pàdé. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ àti ti ìdàgbàsókè Ìbà mọ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wọ̀nyí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba owó. Kí wọ́n gba ọ̀nà kan náà lọ pẹ̀lú olùkọ́ méjì láti Ẹ̀pẹ́, òṣùwọ̀n kan, àti ìbòjú mẹ́wàá. Ọjọ́ Sátidé mẹ́rin ti tó fún ohun tó wà nínú àròkọ yìí, yóò sì kù.

Ọ̀rọ̀ bàálù fúnra rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Àjọ NCAA ló ní àṣẹ lórí ohun tó lè fò lójú sánmọ̀ Nàìjíríà, kò sì sí ọ̀dà tó lè dípò ìwé wọn. Ṣáájú ìyẹn, kí ẹni tó kan bàálù wọ̀n ọ́n nígbà tí ara rẹ̀ ṣì wà ní ìhòòhò, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ó tún un wọ̀n lẹ́yìn tí ọ̀dà bá gbẹ, kí ó kọ ìyẹn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó wọn abala ìrù lọ́tọ̀. Oníròyìn tó bá wá yà á ní fọ́tò, kí ó béèrè nọ́ńbà méjèèjì kí ó tó gbé kámẹ́rà sókè. Bí èkejì bá sì fi 20 kílò ju ti àkọ́kọ́ lọ, kí wọ́n kó sáńpépà jáde, kí wọ́n ní kí alága ìjọba ìbílẹ̀ fi agbádá rẹ̀ padà wá lóṣù tó ń bọ̀.